Ìfun tó há sáàárín iṣan ẹ̀jẹ̀: oúnjẹ ni àbí iṣẹ́ abẹ?

Nínú àìsàn SMA syndrome (SMA ni orúkọ ọ̀kan lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun), ìfun kékeré ló há sáàárín iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì. Bí èèyàn bá rù kan eegun, ọ̀rá tó ya iṣan méjèèjì nípá á yọ́ dànù, igun àárín wọn lè má tó díígírì 25 mọ́. Oúnjẹ kò wá rọ́nà kọjá. Inú á wú, òróòro á máa bá èébì jáde. Àwòrán CT, tí ẹ̀rọ fi ń ya inú ara, ló sábà máa ń tú u fó.

Ọ̀nà kan ni kí aláìsàn sanra padà. Wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín gba imú kọjá ibi tó há, oúnjẹ olómi á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má kánjú o: bí oúnjẹ bá ya lu ara tí ebi ti lù bolẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè dàrú. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, rọ́bà imú kò sì rọrùn.

Iṣẹ́ abẹ ní tirẹ̀ máa ń so ìfun tó ṣáájú ibi tó há mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, oúnjẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, àfi bí àìsàn náà bá ti pẹ́ lára.