RTX 3080, RX 6800 XT àti GTX 1080 Ti nínú ooru Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe nílùú Kàbà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ìṣílé. Láàárín ọdún mẹ́ta, káàdì gíráfíìsì mẹ́ta, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, ló ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ni mo sì ti lé kọjá ibi tí àwọn tó ṣe wọ́n fi wọ́n sí, ohun tí wọ́n ń pè ní overclock. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi yangàn o. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ kó tó padà sí Àbújá lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́jú tí mo bá rí gé kúrò lára rẹ́ńdà, ìyẹn ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ iṣẹ́ tí mo ti tò di odidi fídíò, ni oorun tí mo máa rí sùn.

Ọmọṣẹ́ mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Àǹtí, èwo ló dáa jù fún overclock nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi irú iná tí wọ́n ń lò nílé wọn. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀. GTX 1080 Ti jáde ní oṣù kẹta ọdún 2017, $699 ni wọ́n tà á nígbà náà. Memory rẹ̀ jẹ́ 11 GB, iná tó ń jẹ kò ju 250 W lọ. Boost, ìyẹn eré iṣẹ́ tí Nvidia tó ṣe é kọ sílẹ̀ fún un, ni 1582 MHz, ṣùgbọ́n bí ibi tó wà bá tutù, fúnra rẹ̀ náà á kọjá ibẹ̀. Mo ṣí MSI Afterburner, ètò tí mo fi ń yí káàdì, mo fa power limit, òpin iná tó lè jẹ, dé ibi tó ga jù, mo ń fi MHz kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 2012, ó sì jókòó síbẹ̀ bí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Fídíò ìsìnkú kan ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò, 4K, oníṣẹ́jú 18. Kí n tó fọwọ́ kan káàdì yìí, ó lo iṣẹ́jú 22 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lo iṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú àáyá 5. Onígbọràn ni, ẹ sọ̀rọ̀ sí i, á dáhùn. Ọjọ́ orí ló dé sí i: kò ní àwọn ẹ̀yà ara tí Nvidia fi sínú RTX fún iṣẹ́ AI àti ray tracing, nítorí náà bí mo bá ní kó fọ àwòrán tí wọ́n yà lálẹ́ mọ́, mo lè lọ se ẹ̀bà kí n sì jẹ ẹ́ tán kó tó parí. Mo tà á fún ọmọ kan ní Ìyàrá, àbámọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe mí díẹ̀.

RTX 3080 wá ni o. Òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó gbówó lórí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ló jáde, $699 lòun náà, memory 10 GB irú tí wọ́n ń pè ní GDDR6X, 320 W. Àwọn tó ń fi káàdì wa owó Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ra èyí rẹpẹtẹ, nígbà tí Ethereum sì pa irú ìwakùsà yẹn tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n da káàdì sọ́jà bí ẹni da yangan. Ẹni tó ta tèmi fún mi búra pé ọmọ òun ló fi ń gbá géèmù.

Oṣù kẹta ló dé ọwọ́ mi, ìgbà tí ògiri pàápàá ń làágùn. Mo fi 100 MHz kún core, ọkàn ṣíìpù náà, mo fi 600 kún memory. Nọ́ńbà gòkè, inú mi dùn. Àfi bí rẹ́ńdà ṣe wá pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ! Mo tún un ṣe, ó tún pẹ́. Ìwà GDDR6X nìyẹn. Bó bá ṣi dátà gbé, kì í sábà fọ́ àwòrán mọ́ ọ lójú lẹ́ẹ̀kan náà bí memory àtijọ́, ńṣe ló máa lọ tún un gbé. Bí ọmọ tó ru ọsàn sáré ni, tó ń dúró ṣa èyí tó ń já bọ́. Ìwọ á máa wo bó ṣe ń sáré, o ò ní wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru hàn, wo ooru memory rẹ̀, mo bá a ní 110°C, ibi tí káàdì náà ti máa ń fà sẹ́yìn kó má bàa jóná. Mo bá tú u. Páàdì tó wà láàárín memory àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún bí àkàrà àná. Òróró ti jáde lára rẹ̀, ó ń dán lójú bọ́ọ̀dù. Ohun tó wá dùn mí jù ni eruku tó lẹ̀ mọ́ òróró náà. Eruku pupa la mọ̀ ní Kàbà. Dúdú lèyí, ó ki bí èédú, irú èyí tó máa ń kóra jọ níbi tí ẹ̀rọ ogún tàbí ọgbọ̀n bá ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọmọ wo ló ń gbá géèmù báyẹn? Mo pààrọ̀ páàdì, mo pààrọ̀ paste tó wà lórí ṣíìpù, memory já sí 92°C.

Ìyẹn kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Power supply mi, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, 650 W ni, Nvidia sì ní ká lo 750 W. Mo rò pé wọ́n ń ṣàṣejù ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé 320 W yẹn, bí ẹni ń sọ ìpíndọ́gba ni. Bí ojú ti ń ṣẹ́, káàdì yìí lè fa iná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, kó sì tún já a sílẹ̀. Ní aago kan òru ọjọ́ Jímọ̀, rẹ́ńdà ti dé 87%, gbogbo rẹ̀ kú fin. Mo tàn án, ó tún kú. Mo ra power supply tó tó, ó wá ku jẹnẹrétọ̀. Bí rẹ́ńdà bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa kérora. Bàbá tó ń bá wa tún un ṣe wá lọ́jọ́ kan, ó tẹ́tí títí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ̀rọ ata lẹ gbé sínú yàrá yìí ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo yí ọwọ́ padà. Mo tẹ Ctrl àti F nínú Afterburner, ìlà fóltéèjì yọ, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí 1830 MHz ní 0.85 V. Tí fóltéèjì bá dín díẹ̀, iná tí ṣíìpù ń jẹ máa ń dín ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: 255 W ló wá ń jẹ. Pẹ̀lú bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, lẹ́yìn tí mo ti pààrọ̀ páàdì, iṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ló lò. Lẹ́yìn tí mo dín iná rẹ̀ kù, iṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Tí mo bá sì lé e dé òpin agbára rẹ̀, 13 àti 41. Ṣé torí ìṣẹ́jú àáyá 35 ni mo ṣe máa da epo sínú jẹnẹrétọ̀ bí omi?

RX 6800 XT, ẹni tó bá fẹ́ràn overclock fún overclock, òun ni kó rà. AMD gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, $649, 16 GB, 300 W, boost 2250 MHz. Kò nílò ètò míì, inú Adrenalin tiwọn náà lẹ ti máa yí gbogbo rẹ̀. Mo gbé òpin rẹ̀ sí 2600 MHz, mo dín fóltéèjì sí 1090 mV, mo fi 15% kún power limit, mo fi memory sí 2100, torí Adrenalin kì í jẹ́ kó kọjá 2150. Láti iṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 30, ó já sí 14 àti 28. Ẹ rí i pé ó fún mi ju ohun tí 3080 fún mi lọ. Kò ní sùúrù ṣá. Mo gbìyànjú 2650, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, driver, ètò tó ń darí káàdì, kú, ó tún jí, gbogbo ohun tí mo ti tò sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ní irú rẹ̀ gan-an, tirẹ̀ ò gbà ju 2500 lọ. Orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ṣíìpù ń yàn wáyé, kò sí ẹni tó lè bá a yàn án.

Ohun tí kò jẹ́ kó dúró sọ́dọ̀ mi ni Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D. Mo máa ń fi ṣe orúkọ olóògbé tó ń yí po. Láti ẹ̀yà 3.0 tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni Blender ti ń lo HIP, ọ̀nà tí AMD fi ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún káàdì wọn, ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò bá OptiX, ọ̀nà ti Nvidia fún RTX, dọ́gba rárá. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbà á, géèmù ló fi ń gbá, a ò rí i nídìí oúnjẹ mọ́.

Oníbàárà mi kan ní kí n kúkú ra RTX 4090, tàbí 5090 tó jáde ní ọdún 2025. Ẹ̀kíní 450 W, èkejì 575 W. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi san owó sólà.

3080 ló wà nínú ẹ̀rọ iṣẹ́ mi báyìí. Profile méjì ni mo fi pamọ́ sínú Afterburner: èkíní ni èyí tó dín iná kù, èkejì ni mo fi ń lé e, inú ọyẹ́ ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tí yàrá bá tutù, tí iná bá sì wà. Èkíní ló wà lórí rẹ̀ lónìí. Memory wà ní 88°C bí mo ṣe ń kọ èyí, rẹ́ńdà ti dé 61%, jẹnẹrétọ̀ kò tíì kérora.