Ọ́fíìsì oníṣirò kan ní Mókólá, fún ẹ̀yin tí Amẹ́ríkà ń gé owó orin yín

Orin abẹ́ fíìmù ni mo ń kọ. Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ni mo máa ń pò pọ̀ nínú yàrá kan ní Bódìjà, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà sì ń bá mi ta àṣẹ lílo wọn fún àwọn tó ń ṣe fíìmù àti ìpolówó ọjà. Ọdún kẹrin rèé. Gbogbo ìgbà tí owó bá ń bọ̀, ìdá 30 nínú 100 ti máa ń lọ sápò ìjọba wọn gẹ́gẹ́ bí owó orí kí n tó fojú rí i. Bí wọ́n bá kọ 1,000 dọ́là síwèé, 700 ni yóò gbéra, báńkì á sì tún bu tiẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan l'Ékòó ni mo kọ́kọ́ bá lọ, ó ní òun mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí n fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ìlú Ọba sínú fọ́ọ̀mù W-8BEN, ìwé tí ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà fi ń sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún un pé orílẹ̀-èdè báyìí ni òun ti wá, torí àdéhùn wà láàárín ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, wọn kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó orin tiwọn. Ó gba 30,000 náírà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ mí tí n kò tí ì fọwọ́ sí i títí ọ̀rẹ́ mi kan fi darí mi sí Mókólá.

Ìyá tó ni ọ́fíìsì yìí á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, àwọn tó ń tún maṣínnì ìránṣọ ṣe ló wà nísàlẹ̀. Mọ́mì ka fọ́ọ̀mù tí mo mú wá, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ka ohun tó wà lókè ibi tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí?" Ìbúra ni. Ẹni tó bá purọ́ síbẹ̀ ti gbé ara rẹ̀ lé ọwọ́ òfin Amẹ́ríkà.

Wọ́n tẹ òmíràn jáde. Orúkọ mi, Nàìjíríà, àdírẹ́sì Bódìjà, nọ́ńbà owó orí mi. Nígbà tí a dé Apá Kejì, níbi tí èèyàn ti ń béèrè ẹ̀dínwó àdéhùn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. "Ibí yìí ò kàn ọ́. Àwa àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn owó orí." Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo wá rà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo bá ẹni tó mọ iṣẹ́ pàdé: "Níbo ni wọ́n ti ń lo orin rẹ gan-an?" N kò rò ó rí. Owó tó bá ti ara lílo orin nínú Amẹ́ríkà wá ni ìjọba wọn ń dá 30 yẹn lé. Ìpolówó tó jáde ní Jámánì tàbí Gúúsù Áfíríkà kò sí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bá mi ta orin kò kàn yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Mọ́mì bá mi kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n yà á ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ó gba ọ̀sẹ̀ méje. Ìwé ìṣirò tó dé kẹ́yìn: 840 dọ́là lápapọ̀, 260 nínú rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, 78 ni wọ́n gé. Bó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, 252 ni ìbá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un ṣírò.

Ti ìlú Ọba yàtọ̀, torí wọ́n bá Nàìjíríà ṣàdéhùn: 20 nínú 100 ni òfin wọn ń gé lára irú owó yìí, àdéhùn ní kó má kọjá 12.5. Ó gba ìwé ẹ̀rí pé ibí ni mo ti ń san owó orí. Mọ́mì ti bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò tí ì jáde.

Wọ́n ní kí n máa tọ́jú ìwé 1042-S, èyí tó ń fi owó tí mo gbà láti Amẹ́ríkà àti owó orí tí wọ́n yọ hàn, tó ń wá láàárín oṣù kẹta, àpótí 7a ni owó tí wọ́n yọ wà, kí n sì mú un wá kí 31 oṣù náà tó pé tí mo bá fẹ́ ṣe ìwé owó orí tèmi níbí. Nítorí pé 2025 ni mo fọwọ́ sí W-8BEN, wọ́n fi bírò pupa kọ 31/12/2028 gàdàgbà sẹ́yìn fáìlì mi. Ọjọ́ yẹn ni fọ́ọ̀mù náà máa kú.

Àléébù wọn kò kéré. 45,000 náírà ni wọ́n gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè rìsíìtì kí wọ́n tó já a fún mi. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, aago kan ni mo wọlé. Wọn kì í kọ ímeèlì, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́fà, maṣínnì á máa dún lábẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ gidi sì máa ń wà. Akọ̀wé wọn tún kọ orúkọ àárín mi lódì, ilé iṣẹ́ dá fọ́ọ̀mù padà, ọjọ́ mẹ́wàá ṣòfò.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ tẹ ìwé ìṣirò owó ọdún kan jáde dání. Ẹni tó bá na fóònù sí Mọ́mì pé "ó wà níbí, mà," ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ní kó padà sí.