Mẹ̀sí (Mercedes-Benz) S-Class tó ti dàgbà àbí Camry tó ṣì tuntun díẹ̀: èwo ló tó owó yín?

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn èèyàn ń gbára dì fún Ojúde Ọba, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mi ní Ìjẹ̀bú-Òde: "Owó ọwọ́ mi ká S-Class, ó sì ká Camry. Èwo ni kí n rà?" Lóòótọ́ ló ká méjèèjì. Owó S-Class tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2013, èyí tí wọ́n ń pè ní W221, ti já wálẹ̀ débi pé tòkunbọ̀ rẹ̀ lè wà ní iye kan náà pẹ̀lú Camry 2015 sí 2017.

Ní ti ìgbádùn, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn S-Class láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde lè sùn lọ fọnfọn kí tírélà máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó Camry dára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ̀ níbi ìnáwó, ẹnikẹ́ni kò ní yíjú wò ó.

Epo: ẹ́ńjìnnì S550, ọ̀kan lára àwọn S-Class yìí, jẹ́ lítà 5.5 (àwọn tó jáde gbẹ̀yìn kéré díẹ̀ sí i), sìlíńdà mẹ́jọ. Ti Camry tó wọ́pọ̀ jẹ́ lítà 2.5, sìlíńdà mẹ́rin. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún àpò.

Mẹkáníìkì tó mọ Camry tinú-tòde wà ní Ìpẹru, ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ti Mẹ̀sí, ẹ múra láti máa lọ Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Sípíríǹgì irin àti ṣọ́ọ̀kì ló gbé Camry dúró. Afẹ́fẹ́ ló gbé S550. Airmatic ni Mercedes-Benz ń pè é. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní àpò rọ́bà tirẹ̀, kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú gbogbo wọn. Bó ti wù kí ọkọ̀ náà rìn kéré tó, rọ́bà ń gbó. Tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ó lè sán, kó máa jò díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti fi rọ́pò afẹ́fẹ́ tó ń lọ, títí òun náà á fi jóná.

Mo ti ní bọ̀gìnnì elẹ́sẹ̀ afẹ́fẹ́ rí. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, iwájú rẹ̀ lápá òsì ti wólẹ̀ débi pé ìka mi kò ráyè wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi tún un ṣe pààrọ̀ kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀, ó gbowó, kò wá ibi tó ń jò. Kò pẹ́ tí tuntun náà fi jóná. Ẹlòmíràn ló wá da omi ọṣẹ sí rọ́bà ẹsẹ̀ náà, tí ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbi tó ti sán. Owó tí mo ná lórí ẹsẹ̀ kan yẹn ì bá pààrọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀kì Camry, kó sì ṣẹ́kù.

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ afẹ́fẹ́ kúrò, kí ẹ fi sípíríǹgì sí i. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọkọ̀ náà á máa le, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa kìlọ̀, ìrọ̀rùn tí ẹ torí rẹ̀ rà á á sì ti lọ.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu S-Class. Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tó ti ya owó ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó san owó ọkọ̀, kó rà á, kó jayé orí ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí yóò tún gbé òun fúnra rẹ̀ lọ Èkó láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Camry ló bá a mu. Òun ló wà nílé mi báyìí.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lára Mẹ̀sí, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé, kí kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ má baà ti gbé ẹsẹ̀ tó wólẹ̀ dìde. Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Ẹ fi téèpù wọn ọ́n láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yẹ kí òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá tan án, kí ẹ tẹ́tí sí kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀: tó bá ń kùn tí kò dákẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Bí ẹ bá sì dé tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ padà sílé, kí ẹ tún wá lọ́jọ́ mìíràn.