Oṣù mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní ibùdó ìlera abúlé: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti parí ìkọ́ṣẹ́ mi ni àwọn àbúrò wa nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ti ń pè mí, ìbéèrè kan náà ni: bí wọ́n bá ní kí àwọn yan, ṣé ilé ìwòsàn ńlá ni àbí ibùdó ìlera abúlé? Ẹnu ti rẹ̀ mí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ti ńlá, mo lo oṣù mẹ́ta ní ti kékeré. Ti kékeré ni mo fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin yẹn. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ bá wí nísàlẹ̀, a sì ṣì ń pàdé lọ́jà Kàbà.

Ti ńlá kò pẹ́ ẹ́ sọ. Dókítà wà, yàrá iṣẹ́ abẹ wà, ẹ̀jẹ̀ wà, yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé náà wà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló máa ń yí bẹ́ẹ̀dì kan ká. Ẹ̀yìn aṣọ funfun ni mo rí jù. Mo gbọ́ igbe ọmọ dáadáa, mi ò rí ibi tó gbà jáde.

Ní ti kékeré, àwa méjì péré ni, èmi àti ọmọbìnrin kan láti Mọ̀pà, pẹ̀lú ọ̀gá kan lórí wa. Màmá ni gbogbo abúlé ń pè é. Kì í ṣe pé ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí díẹ̀ nínú àwọn tó ń wá bímọ báyìí ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ìró ọkàn ọmọ jáde, èyí tí bùrọ̀dá mi rà fún mi. Màmá gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ó dára," ó sì tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀. Fèrè onígi ló nà sí mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Pinard.

"Etí rẹ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú ńkọ́?"

Fún ẹni tí kò lò ó rí: ọwọ́ lo máa fi wá ẹ̀yìn ọmọ nínú ikùn, torí ẹ̀yìn ni ìró ọkàn rẹ̀ ti máa ń jáde ketekete. O gbé ẹnu fèrè tó fẹ̀ lé ibẹ̀, o fi etí sí ẹnu kejì, o wá mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Odindi ìṣẹ́jú kan lo máa fi kà á. Láàárín 110 sí 160 ni ti ọmọ máa ń wà. Èmi ka 84. Àyà mi já pàà. Mo pariwo pé, "Màmá, ọmọ yìí ń lọ o!" Aláboyún tó dùbúlẹ̀ jókòó wọnkọ. Màmá kò tilẹ̀ yára rìn. Ó ní kí n di ọrùn ọwọ́ ìyá náà mú, kí n tún kà. Mo kà á: 84. Ọkàn ìyá ni mo ń kà! Ó bẹ obìnrin náà nítorí mi, ó wá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Má tún ké lórí aláboyún mọ́ láyé. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, ojú mi ni kí o wò."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọwọ́ àti fèrè nìkan. Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi kan níbòmíràn ti ní ìgbẹ̀bí márùn-ún nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni Màmá wá jẹ́ kí n gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gba ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà lórí tèmi. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró níbi tí mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí ohun tí mo sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún, èémí yẹn ni.

Ohun tó jẹ́ kí n mọyì rẹ̀ jù kò dùn ún sọ. Lóru ọjọ́ kan, ó ní kí n yẹ obìnrin kan tó ń rọbí wò, kí n mọ bí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ṣe ṣí tó. Oorun ń kùn mí. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, kò yé mi, mo wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń rún un, mo kọ 6 sẹ́ńtímítà. Màmá wẹ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò: 4. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Nínú ìwé ìtọ́jú ìrọbí tí àjọ ìlera àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, láti 5 ni wọ́n ti ń ka ìrọbí sí èyí tó ti gbóná. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí láti orí 6 irọ́ máa rò pé iṣẹ́ ti dúró, á gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tàbí kó fi ọkọ̀ gbé e lọ lásán. Mo fẹ́ ya ojú ìwé yẹn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fa ìlà kan ṣoṣo lórí 6 náà kó ṣì ṣeé kà, kí n kọ 4, kí n sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní pẹ̀lú orúkọ mi. Ìwé àkọsílẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ tèmi náà, ohun tí ojú Màmá kò bá rí, kì í fọwọ́ sí i.

Ìyá ọkọ kan láti Bùnú ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó bá aláboyún wá. Mo ti gba ọmọ, mo ti gbé e sí àyà ìyá rẹ̀, mo ti gún ìyá ní oxytocin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya lẹ́yìn ìbímọ, 10 yúníìtì sí itan kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo wá dúró kí ìwọ́ dákẹ́ lílù. Màmá àgbà wò mí títí.

"Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ ò ní abẹ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ló ṣì ń wọlé bọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wọlé tán."

Ó rò ó. "Háà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ jẹ́ kó wọlé o." Ẹni yìí kan náà ló ti pa omi gbígbóná àti òróró mọ́ fún ìwọ́ ọmọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé ìpara apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine tí a fún wọn nìkan ni kí wọ́n máa fi sí i lójoojúmọ́ títí ìwọ́ á fi já. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ́ ti já, ojú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ó fún mi ní iṣu méjì.

Ó wá ku ìràwọ̀ kan tí mo yọ. Bí ó bá jẹ́ ìṣòro iná mànàmáná nìkan ni, mi ò bá má yọ ọ́. Oxytocin kò fẹ́ ooru, inú fíríìjì àjẹsára tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ni tiwa sì wà, a kò sì pàdánù ìgò kan. Omi le díẹ̀, àwa la máa ń pọn ọ́n. Èyí tó dùn mí ni òṣìṣẹ́ kan tó máa ń gba 2,000 náírà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kó tó bá wọn gbé ìwé wọn lọ sí ọ́fíìsì. Kò fi nǹkan kan kọ́ wa rí àyàfi iye tí tòmátì jẹ́, torí òun ló ń rán wa lọ sọ́jà. Màmá kò mọ̀, àbí ó mọ̀ tó dákẹ́, mi ò lè búra.

Kò tún sí ọkọ̀ tí à bá fi gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Obìnrin kan dé lálẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ojú rẹ̀ ń ṣú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ó jẹ́ 170 lórí 110. Magnesium sulphate ni, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí gìrì mú aláboyún: 4 gíráàmù sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì. Màmá ń fà á, èmi ń ka iye sókè kó lè gbọ́. Títí ibẹ̀ a kò kù síbì kankan. Lẹ́yìn náà la wá jókòó fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún, à ń dúró de ọkọ̀ akóṣu tí ẹni tó ni ín ti sùn. Mo di orí obìnrin náà mú láàárín àpò iṣu títí a fi dé. Ó yè, ọmọ náà yè. Àmọ́ ìràwọ̀ yẹn, mi ò ní dá a padà.

Ẹ̀yin tó ń lọ: ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí, àti aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, torí Màmá kì í gba fóònù nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó gààrí dání. Ẹ mú garawa tiyín lọ pẹ̀lú. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń jò.