Ẹ ṣọ́ra fún ìgò "ọṣẹ ìdíje" tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin), ẹ̀yin tí ẹ ń na ọ̀nà Ìṣakẹ́tẹ́ títí dé Kétu, bí ọkùnrin kan bá gbé ìgò pupa tọ̀ yín wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando, tó ní òun ní ọṣẹ tó ń ṣí rọ́bà táyà kúrò lára mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wakọ̀ yín lọ. Mo ti ra tèmi. Ilẹ̀kùn mọ́tò mi ló san owó tó kù.

Gàrí ni mò ń kó láti Kétu. Lọ́jọ́ náà, mo ti kọjá Ìpóbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nígbà tí táyà ẹ̀yìn tírélà tó wà níwájú mi bẹ́ gbàù. Awẹ́ rọ́bà kan fò wá, ó na ẹ̀gbẹ́ òsì Corolla mi bíi pàṣán. Ọlọ́run yọ mí, gíláàsì kò fọ́, irin kò tẹ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ́gáàdì iwájú dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilà dúdú kan lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò funfun náà gbàgbà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò tilẹ̀ yẹ̀.

Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì ní Ouando ni ọkùnrin yìí ti rí ilà náà. "Tàǹtí, ẹ kú ìrìn o. Rọ́bà nìyẹn, ọṣẹ lásán kò lè ràn án." Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí Gùn nígbà tí a ń dúnàá dúrà, ó wá fi Faransé parí rẹ̀ kí n lè mọ̀ pé òun kàwé. Ó fa fóònù yọ, ó fi fídíò àwọn mọ́tò tó ń sáré ìdíje ní Jámánì hàn mí, àpá dúdú kún ara wọn. Ó ní ohun tí àwọn yẹn fi ń nu tiwọn náà ló wà nínú ìgò yìí. Lẹ́yìn náà ló gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù kan jáde, èyí tí à ń pè ní kàpó. Àpá dúdú wà lórí rẹ̀. Ó da díẹ̀ sí aṣọ, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ mọ́ fó. 12,000 sẹ́fà ló pè é, mo san 7,000. Mo tiẹ̀ rò pé mo rẹ́ ẹ jẹ ni.

Nígbà tí mo délé, mo da á sí aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí nù ún. Lóòótọ́, rọ́bà ń ṣí. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí mo yí aṣọ padà ni mo rí i pé funfun wà lára rẹ̀ pẹ̀lú dúdú: ọ̀dà mọ́tò ń bá rọ́bà lọ. Ojú ibẹ̀ rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún ta sí iná iwájú. Ohun tí à ń pè ní gíláàsì níbẹ̀, ike ni, ó sì di bàìbàì bí ojú arúgbó.

Mo gbé ìgò náà lọ fún Bàbá tólíyè tó ń kun mọ́tò ládùúgbò wa. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ràṣídì, diluant lẹ rà yìí." Èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní tínà nìyẹn, tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kí ó lè ṣàn. Ó ní òórùn kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ yẹn, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá tún ìwé ara ìgò náà wò dáadáa: kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí àdírẹ́sì, kò sí ìkìlọ̀ kankan nípa iná, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹ̀tàn kàpó yẹn ló dùn mí jù. Bàbá ní ọ̀dà tí mọ́tò gbé jáde láti ilé iṣẹ́, inú ooru ni wọ́n ti yan án kí ó lè gan, wọ́n sì tún fi ìpele kan tó mọ́ gaara bò ó lórí. Bí diluant bá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì nù ún kíá, ó lè máà ṣe é ní nǹkan. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ló wà lórí kàpó ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn mọ́tò tó ń gba Kútọnù wọlé ni wọn kò tíì tún kùn kó tó dé ọwọ́ wa? Tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ọ̀dà àtúnkùn tí wọn kò pò mọ́ èròjà tó ń mú un gan, diluant á tú u bí omi ṣe ń tú iyọ̀. Diluant náà kúkú ni wọ́n fi pò ó níjọ́ kìíní. Àpá dúdú orí kàpó ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ Bàbá ti rí ọkùnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó jókòó tó ń fi sìráàjì bàtà kun kàpó rẹ̀.

Òtítọ́ díẹ̀ tó wà nínú irọ́ náà ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Àwọn tó ń sáré lórí pápá ìdíje máa ń gbé àpá rọ́bà délé lóòótọ́. Táyà wọn rọ̀ ju tiwa lọ, ooru rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti omi tó ń hó, ó ń ya wẹ́wẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orí ọ̀dà ni rọ́bà jókòó sí, kò wọnú rẹ̀. Oògùn líle kọ́ ló ń fẹ́, sùúrù ni.

Ẹ wo bí Bàbá ṣe ṣí èyí tó kù lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó gbé mọ́tò sábẹ́ ibòòji títí ara rẹ̀ fi tutù, ó fi omi fọ iyanrìn kúrò kí ó má baà ha ọ̀dà. Ó wá fi pétrole fìtílà rin aṣọ múlọ́múlọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ń nù ún jẹ́jẹ́, ó tún ń pààrọ̀ aṣọ. (Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìdírókò, ẹ gbọ́ o: tí a bá ní pétrole níhìn-ín, karosíìnì là ń wí. Ẹ má lọ da bẹntiróòlù sí i.) Kò lo kànìnkànìn onírin, kò lo yanrìn-páálí. Ìpele gaara yẹn kò nípọn ju ẹyọ irun orí kan lọ, ẹ kò ní èyí tí ẹ lè fi ṣòfò. Bó ṣe tán ló fi ọṣẹ àti omi fọ pétrole náà kúrò pátápátá. Wákàtí kan, ó parí, ọ̀dà kò sì yingin.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ tà yín ní ti inú ìgò, ẹ ní kó kán an sí abẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò tiyín, níbi tí ojú kò tó, kì í ṣe sórí kàpó tirẹ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí aṣọ bá gba àwọ̀ mọ́tò, tàbí tí ojú ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dá ìgò rẹ̀ padà fún un.

40,000 sẹ́fà ni mo fi tún mọ́gáàdì àti ilẹ̀kùn kùn. Nọ́mbà MoMo tí mo fi owó ránṣẹ́ sí kò lọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi rí ọkùnrin náà lọ́nà Adjarra. Ìgò ti kúrò ní pupa, ó ti di àwọ̀ ewé, orúkọ mìíràn ló sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kàpó yẹn náà ni, igun rẹ̀ òsì tẹ̀.