Wọ́n fún wa ní GCC tuntun, wọ́n gbàgbé àwọn ẹbí rẹ̀: àgbéyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ńlá alájùmọ̀lò kan

“Inú ètò yín ni àṣìṣe yìí ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, a ti pa ẹ̀sùn yìí dé.” Gbólóhùn yìí, tí òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìrànwọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ni ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ohun tí mo fi sọwọ́ sí i kò ju ìlà mẹ́ta lọ ní èdè Fortran: program idanwo, use mpi, end program. Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó kọ̀ǹpútà náà lè kọ̀ǹpáìlì ìlà mẹ́ta yìí (kí ó yí i padà sí èdè ẹ̀rọ) lójú ẹsẹ̀, kí ó sì rí i pé ètò tèmi kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Kò gbìyànjú rẹ̀. Ó ka orí ẹ̀sùn náà, ó rí i pé mo dárúkọ ètò tí ẹgbẹ́ ìwádìí wa kọ fúnra wa, ó sì dá ẹjọ́ láìgbọ́ ẹnu ẹnìkejì.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa iye ẹ̀rọ tí wọ́n ní, tàbí ìyára wọn, tàbí ààyè ìfipamọ́, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ sí ojú ìwé wọn, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n kọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ó ṣe rí fún ẹni tí ó gbé kóòdù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá síbẹ̀ láti kọ̀ǹpáìlì. Ètò tiwa ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Fortran ni a fi kọ apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, C++17 ni a fi kọ ìyókù. Ó nílò MPI kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè jọ ṣe ìṣirò náà pọ̀, ó sì nílò HDF5 láti kọ àbájáde sílẹ̀.

CentOS 7, ètò ìṣiṣẹ́ kan tó jẹ́ irú Linux, ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Ọdún 2014 ni CentOS 7 jáde, GCC 4.8.5 ni kọ̀ǹpáílà rẹ̀, glibc 2.17 sì ni láíbìrì tí gbogbo nǹkan dúró lé lórí. Ìtọ́jú rẹ̀ parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024. N kò bá wọn jà lórí èyí. Mo mọ̀ pé ètò tó ń darí àwọn fáìlì ńlá àti èyí tó ń darí okùn ayára-bí-àṣá tó so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ ni a máa ń so mọ́ kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́) kan pàtó, àti pé ẹni tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn gbára lé kò lè máa pààrọ̀ ìpìlẹ̀ ilé bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Kọ̀ǹpáílà tó gbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a ṣe ń ṣètọ́jú ẹni tí yóò lò ó ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, kọ̀ǹpáílà náà sọ pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ -std=c++17, àṣẹ pé kí ó lo C++17. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé C++11 ni GCC 4.8 gbọ́ yékéyéké, kódà ó ní ibi tí kò ti gbọ́ ọ tán. Bí àpẹẹrẹ, std::regex wà nínú rẹ̀, yóò sì kọ̀ǹpáìlì láìsí ariwo, ṣùgbọ́n yóò já ọ kulẹ̀ nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé GCC 4.9 ni wọ́n tó ṣe é parí. Irú àléébù yìí burú ju èyí tí kọ̀ǹpáílà pariwo lé lórí lọ, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń lo GCC 4.8 fún iṣẹ́ ìwádìí mọ̀ nípa rẹ̀. Bákan náà ni ti C: gnu90 (ìlànà C àtijọ́ ti ọdún 1990) ni GCC 4.8 ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan, nítorí náà bí o bá kéde i sínú àkámọ́ for, àṣìṣe ni yóò fi dá ọ lóhùn, àfi tí o bá fi -std=gnu99 tàbí èyí tó ga jù ú lọ sí i. GCC 5 ni ó sọ gnu11 di àṣà.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànwọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kí n lo ẹ̀dà àtijọ́ ti ètò mi. Mo ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwa gan-an ni a kọ ètò náà, pé kò sí ẹ̀dà àtijọ́ kankan tí ó ní ìṣirò tí a fẹ́ ṣe. Òṣìṣẹ́ kan náà dá mi lóhùn pé kí n tẹ scl enable devtoolset-9 bash, àṣẹ tó ń ṣí kọ̀ǹpáílà tuntun tó ti wà lórí ẹ̀rọ náà. Ìlà kan péré ni, kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí àlàyé, kò sì sí ohun tó jọ ọ́ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, níbi tí ó jẹ́ pé GCC 4.8.5 nìkan ni wọ́n dárúkọ. Irú kọ́kọ́rọ́ yìí wà lápò wọn látìgbà yìí wá, wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé kí ó gba ojú fèrèsé wọlé.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ yin devtoolset, nítorí pé ó tọ́ sí i. GCC 9 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo apá C++ wa ni ó sì kọ̀ǹpáìlì láìyọ ẹyọ ìkìlọ̀ kan. Ohun tó wú mi lórí jù ni ọgbọ́n tí wọ́n dá sí libstdc++, láíbìrì C++ ti GCC. Ẹni tó bá kọ́ GCC tuntun fúnra rẹ̀ sórí CentOS 7, tí ó sì gbé ètò tó fi ṣe lọ sí ẹ̀rọ mìíràn, sábà máa ń rí àṣìṣe pé a kò rí GLIBCXX_3.4.26 (nọ́ńbà ẹ̀dà láíbìrì náà) tàbí òmíràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé 3.4.19 ni ti GCC 4.8 parí sí. Devtoolset kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ibi tí libstdc++.so yẹ kó wà, fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi síbẹ̀, tí ń sọ fún linker (ètò tí ń so kóòdù pọ̀ mọ́ láíbìrì) pé ohun tó bá ti wà nínú libstdc++ ti CentOS fúnra rẹ̀ ni kí ó mú lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì di ìyókù mọ́ inú ètò náà láti inú libstdc++_nonshared.a. Nípa bẹ́ẹ̀, ètò tí a fi GCC 9 kọ̀ǹpáìlì lórí ẹ̀rọ àbáwọlé ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí kò ní ju GCC 4.8.5 lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó kan Fortran ni inú dídùn náà pòórá. Ìlà tó ní use mpi ni kọ̀ǹpáílà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹ̀dà GNU Fortran mìíràn ni ó ṣe fáìlì mpi.mod. Ohun tó fà á rèé. Nígbà tí gfortran bá kọ̀ǹpáìlì module kan, ó máa ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .mod. Bí ó ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ láàárín ẹ̀dà GCC 4.8 àti ti 9, tuntun kò sì lè ka ti àtijọ́. GCC 4.8.5 ni wọ́n fi kọ́ OpenMPI (irú MPI tí wọ́n ń lò) wọn, òun náà ni wọ́n fi kọ́ HDF5 wọn. C kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí náà ẹni tó ń fi C nìkan ṣiṣẹ́ lè lo ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ó má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wá. Kọ̀ǹpáílà tuntun láìsí MPI, HDF5 àti FFTW (láíbìrì ìṣirò Fourier) tí a fi òun gan-an kọ́ dà bí ìyàwó tuntun tí a mú wọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo fi ìlà mẹ́ta náà ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ wa ní kí n pa use mpi rẹ́, kí n fi include 'mpif.h' rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé mpif.h kò ní ìṣòro fáìlì .mod, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni kọ̀ǹpáílà yóò kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lò ó, kọ̀ǹpáílà kò ní bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bóyá ohun tí o ń fi ránṣẹ́ sí MPI bá a mu, ìlànà MPI 4.1 tó jáde ní 2023 sì ti sọ ọ́ di ohun tí à ń pa tì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, HDF5 kò ní irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀. Use hdf5 ni Fortran ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Èyí ni a ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo kọ gbogbo èyí fún un, mo sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi GCC 9 tí ẹ ti ní yìí tún OpenMPI àti HDF5 kọ́. Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí ni ó fi dáhùn.

Mo tún ẹ̀sùn náà ṣí, ẹlòmíràn ni ó sì bọ́ sí lọ́wọ́: ọ̀gá obìnrin kan tí wọ́n ń bójú tó sọ́fítíwíà lórí ẹ̀rọ náà. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni àṣìṣe tí àwọn gan-an rí nígbà tí wọ́n kọ̀ǹpáìlì ìlà mẹ́ta mi, àti ìlà àkọ́kọ́ nínú mpi.mod, èyí tó sọ ẹ̀dà tí fáìlì náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé pé: “Òótọ́ lẹ sọ. Àwa la jẹ yín ní gbèsè yìí.” Bí ìbínú mi ṣe rọlẹ̀ nìyẹn.

Wọn kò fi GCC 9 ṣe é. Spack ni wọ́n lò, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń kọ́ sọ́fítíwíà láti orí kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpáílà tí o bá yàn fún un. GCC 12 ni wọ́n kọ́kọ́ fi GCC 4.8.5 kọ́, orí ẹ̀rọ ìṣirò ni wọ́n sì ti kọ́ ọ, kì í ṣe orí ẹ̀rọ àbáwọlé tí gbogbo ènìyàn ń lò, nítorí pé GCC máa ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, iṣẹ́ náà sì wúwo. Mo béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ ẹ̀dà tó tuntun jù lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé GCC 14 ni ó kẹ́yìn tí GCC 4.8 lè kọ́; láti 15 lọ, kọ̀ǹpáílà tó gbọ́ C++14 ni ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, a óò sì nílò àtẹ̀gùn kan láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi GCC 12 yìí kọ́ OpenMPI, HDF5 àti FFTW, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Ohun tí n kò lè dá ṣe láéláé ni ohun tí wọ́n kọ sínú packages.yaml, fáìlì tí a fi ń darí Spack. Wọ́n sọ fún Spack pé Slurm (ètò tí ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ) ti wà lórí ẹ̀rọ, kí ó má ṣe kọ́ òmíràn, wọ́n sì kọ́ OpenMPI pẹ̀lú fabrics=ucx àti schedulers=slurm, kí ó lè lo okùn ayára-bí-àṣá àti Slurm náà. Ẹni tó bá dá OpenMPI kọ́ sínú àpò ara rẹ̀ láìmọ èyí lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ó má mọ̀ pé orí TCP, ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán, ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, tí okùn ayára-bí-àṣá sì wà níbẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé iṣẹ́ yìí jẹ́ ti oníbàárà. Spack tún ń kọ ibi tí láíbìrì kọ̀ọ̀kan wà sínú ètò fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò nílò LD_LIBRARY_PATH mọ́, ariwo GLIBCXX sì ti dópin.

Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi ṣáájú pé láti GCC 10 ni gfortran ti ń ka irú ohun tí kò bára mu nínú ìpè sí àṣìṣe, èyí tí 4.8 máa ń gbójú fò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Fún láíbìrì àtijọ́ kan tí kì í ṣe tiwa, -fallow-argument-mismatch ni a fi sí i. Nínú kóòdù tiwa, a tún àwọn ìpè náà ṣe. Wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé kọ̀ǹpáílà tuntun kò lè yí glibc 2.17 padà: ètò tí ẹlòmíràn ti kọ̀ǹpáìlì tẹ́lẹ̀, tí ó ń béèrè GLIBC_2.28, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àfi nínú Apptainer, àpótí tó lè gbé glibc tirẹ̀ dání. Òtítọ́ báyìí ni mo ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú mi kò tíì dùn tán. Ní ọjọ́ tí mò ń kọ èyí, ìwé ìtọ́sọ́nà wọn kò tíì dárúkọ nǹkan kan ju GCC 4.8.5 lọ, àkójọ tuntun náà sì wà lábẹ́ orúkọ tí ẹni tí a kò bá sọ fún kò lè rí. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú Fortran lọ́wọ́, kí ó béèrè gbangba fún àkójọ GCC 12 tó ní OpenMPI àti HDF5 tirẹ̀, kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi devtoolset nìkan tán an ní sùúrù. Bí wọ́n bá ní kí ó lo mpif.h, kí ó fi ìlà mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú use hdf5 nínú rẹ̀.

Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 5, nítorí ọ̀gá obìnrin náà.