Òrùlé ilé opera Oslo àbí bákónì gbọ̀ngàn orin Hamburg, èwo lẹ máa mú?

Ká sọ òótọ́, ilé opera (eré olórin orí ìtàgé) tó wà ní Oslo, ní Norway, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. 2008 ni wọ́n ṣí i, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Snøhetta ló ya àwòrán ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí òrùlé ẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá kan etí omi, torí náà èèyàn á kàn máa rìn láti ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kódà kó o má mọ nǹkan kan nípa opera láyé ẹ. Òkúta mábù funfun láti Carrara ní Ítálì ló pọ̀ jù lórí ẹ̀, ó rẹwà gan-an àmọ́ tí òjò bá rọ̀ tàbí tí yìnyín bá bò ó, ẹ rọra o, ó ń yọ̀!

Elbphilharmonie, gbọ̀ngàn orin ti Hamburg ní Jámánì, ò rí bẹ́ẹ̀. 2017 ló ṣí, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Herzog & de Meuron ló gbé ilé onígíláàsì lé orí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ létí odò Elbe, kì í ṣe òrùlé gan-an làwọn aráàlú ń gùn, bákónì tó wà láàárín ilé tòkè àti tìsàlẹ̀ ni, nǹkan bíi mítà 37 sókè. Líìfù wà, irin ìdáàbòbò wà, ẹ sì lè rìn yí ilé náà po. Owó ẹ̀ ṣá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 866 yúrò, há!

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ́lé, ti Oslo ni màá mú, ṣùgbọ́n màá wá òkúta tí kì í yọ̀.